Ọkùnrin kan, fóònù mẹ́ta: ẹ gbọ́ tẹnu mi kẹ́ ẹ tó dá mi lẹ́jọ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, wọ́n ti ń fọ̀rọ̀ mi ṣe yẹ̀yẹ́ ládùúgbò. Ní Command níbí, lójú ọ̀nà Ìpájà, tẹ́ ẹ bá ní ẹ ń wá ọkùnrin tó ń tún fíríìjì ṣe, tó máa ń kó fóònù mẹ́ta sápò bí ọmọ yàhúù, ọ̀dọ̀ mi ni wọn yóò mú yín wá. Ìyá tó ń ta ẹ̀kọ níwájú ilé wa tiẹ̀ sọ ọ́ sétí ìyàwó mi pé, "Ìyá Dàmọ́lá, ẹ lajú yín sílẹ̀ o, ọkùnrin tó bá ń lo fóònù mẹ́ta, obìnrin mẹ́ta ló ń bá sọ̀rọ̀." Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n lóru ọjọ́ yẹn náà ló bi mí pé ta ló máa ń pè mí lórí èyí tó kéré jù. Kì í ṣe obìnrin o. Àbúrò mi ni.

Kí n tó débẹ̀, ẹ jẹ́ ká rántí ibi tá a ti ń bọ̀. Nígbà tó jẹ́ NITEL nìkan là ń gbọ́, gbogbo láìnì tẹlifóònù tó wà ní Nàìjíríà pátá kò tó mílíọ̀nù kan. Àwọn olówó àtàwọn ọ̀gá ńláńlá ló ń ní in nílé. Oṣù kìn-ín-ní ọdún 2001, nígbà ìjọba Ọbásanjọ́, ni wọ́n ta ìwé àṣẹ GSM, tí MTN àti Econet san mílíọ̀nù dọ́là lọ́nà 285, ẹnì kọ̀ọ̀kan. Oṣù kẹjọ ọdún yẹn ni àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í tajà fáráàlú. Ẹni tó bá ní 0802 tàbí 0803 nígbà náà, ẹ̀yin náà ẹ rántí bó ṣe máa ń rìn. Síìmù lásán lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún náírà. Náírà 50 ni wọ́n ń gbà fún ìṣẹ́jú kan, tó o bá sì ti pe "hẹ́lò" tó já, owó ìṣẹ́jú kan ti wọlé lọ nìyẹn. Nígbà táwọn èèyàn ní kí wọ́n máa ka owó ní ìṣẹ́jú-àáyá, wọ́n ní kò tí ì ṣeé ṣe. Ìparí oṣù kẹjọ ọdún 2003 ni Glo dé pẹ̀lú 0805, ọjọ́ tó dé náà ló sì ti ń ka tiẹ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá. Nígbà tó di ọjọ́ 19, oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn, ọ̀pọ̀ ará ìlú pa fóònù wọn láti fẹ̀hónú hàn. Kò pẹ́ sígbà náà tí ohun tí kò ṣeé ṣe fi ṣeé ṣe fáwọn yòókù.

Econet ní tiẹ̀ di Vmobile, ó di Celtel, ó di Zain, lọ́dún 2010 ló wá di Airtel, bí ọmọ tuntun tí gbogbo ẹbí ń sọ lórúkọ. Etisalat tó dé lọ́dún 2008 di 9mobile lọ́dún 2017, ó sì tún di T2 lọ́dún 2025. Nínú gbogbo wọn, ẹ má bi mí ní orúkọ èyí tó dá mi lóró. Mi ò ní í dárúkọ. Mi ò lówó lọ́yà.

Oṣù keje ọdún 2024 ni, òjò ti rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo sì ti sùn. Fóònù mi wà níbi orí mi, bátìrì kún. Ìkìrun ni ìyá mi wà pẹ̀lú àbúrò mi tó ń gún ọ̀kadà. Inú bẹ̀rẹ̀ sí í run màmá, wọ́n gbé wọn dé ọsibítù, dókítà ní àfi kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ kí ilẹ̀ tó mọ́, kí wọ́n sì mú owó wá ná. Àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí. Ó pè mí lẹ́ẹ̀mẹ́tàlélógún. Màmá alára gba fóònù lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n ní kóun gbóhùn mi ká tó gbé àwọn wọlé. Ohun tó ń sọ fún wọn ni pé wọ́n ti pa nọ́ńbà tí wọ́n ń pè.

Èmi ò gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tó di àárọ̀, tí mo dúró ní bọ́sítọ́ọ̀pù Command, tí mò ń dúró de ọkọ̀ Ìyànà Ìpájà, ni fóònù bá bẹ̀rẹ̀ sí í dún pì, pì, pì, bí ẹni da àgbàdo síta. Gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ òru ló rọ́ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tó gbẹ̀yìn ni: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti pa fóònù. Mo ti ta ọ̀kadà."

Ọ̀kadà tó fi ń bọ́ ọmọ mẹ́ta. Lóru. Ẹ̀yin náà ẹ mọ iye tí wọ́n máa dá lé e lọ́wọ́ ẹni tó ń wá owó lóru.

Màmá yè é o, ọpẹ́ ni. Nígbà tí mo dé Ìkìrun, wọ́n kàn di ọwọ́ mi mú pé, "Iṣẹ́ Èkó pọ̀, ọmọ mi, mo mọ̀." Ì bá dáa kí wọ́n bú mi. Àbúrò mi dọ̀bálẹ̀ kí mi, ṣùgbọ́n kò wojú mi. Mo ní, "Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ni." Ó ní, "Mo ti gbọ́, ẹ̀gbọ́n."

Ibi tọ́rọ̀ náà ti dùn mí rèé. Irọ́ tó rọrùn jù lọ láti pa ní Nàìjíríà ni nẹ́tíwọ̀ọ̀kì. Èmi alára ti pa á fún àwọn kọ́sítọ́mà tí fíríìjì wọn wà lọ́dọ̀ mi. Kí n má purọ́, mo ti pa á fún àbúrò mi yìí rí, lọ́jọ́ tó ń wá owó ilé-ìwé ọmọ ẹ̀. Ó rántí. Èmi náà rántí.

Ló bá di pé mo ń yá síìmù kiri. Odidi oṣù kan ni mo fi ń dán wọn wò láàárín ilé. Ọ̀kan wà tó jẹ́ pé lójú pópó, ó ń já fáfá, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti wọ yàrá mi, ó kú nìyẹn, àfi tẹ́ ẹ bá lọọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì omi. Ọ̀kan ń gbé ìpè dáadáa, ṣùgbọ́n tó bá ti di aago mẹ́jọ alẹ́, dátà ẹ̀ a máa rìn bí ìgbín. Ẹ̀kẹta tí mi ò kà sí ló ń gbé ní yàrá. Kọ́sítọ́mà mi kan tó ń tún jẹnẹrétọ̀ abẹ́ máàsìtì ṣe ló là mí lóye. Ó ní bí máàsìtì bá ṣe jìnnà sí ilé ẹni ni nǹkan ọ̀hún, kì í ṣe bí ìpolówó ọjà ṣe dùn tó. Ó ní ìgbì tó kéré máa ń la ògiri kọjá ju èyí tó ga lọ, pé tí díísù bá tán nínú jẹnẹrétọ̀ tàbí tí àwọn tó ń gbẹ́ títì bá gé wáyà abẹ́ ilẹ̀, àdúgbò kan á ṣókùnkùn, tí èyí tó tẹ̀ lé e á sì máa sọ̀rọ̀ lọ ní tiwọn. Gbogbo ẹni tó bá wà lábẹ́ máàsìtì kan ló ń pín in, ìdí nìyẹn tó fi ń falẹ̀ lálẹ́. Òótọ́ ni pé MTN ló lérò jù, tí Airtel tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n ìyẹn ò sọ bí yàrá tẹ́ ẹ̀ ń sùn yóò ṣe rí.

Mo wá rò pé mo ti bọ́. Mo mú ẹ̀kẹta ọ̀hún lọ sí Ìkìrun, kò tiẹ̀ gbé rárá nílé màmá! Èyí tó ń kú ní yàrá mi ní Command ló ń pariwo níbẹ̀.

Ẹ lè ní kí n gbé nọ́ńbà mi kúrò, torí láti oṣù kẹrin ọdún 2013 ni òfin ti gbà wá láyè láti kó lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì láìpààrọ̀ nọ́ńbà. Ta ni kí n kó lọ bá? Mo pe 622 ti NCC, wọ́n gba ẹjọ́ mi sílẹ̀, ó dáa. Oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025 ni NCC yìí kan náà wá gbà kí wọ́n fi tó ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún kún owó. Bí mo ṣe di oníláìnì mẹ́ta nìyẹn, tí mò ń ra káàdì sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tí mo sì tún ń san owó ọ̀kadà díẹ̀díẹ̀ fún àbúrò mi.

Àwa méjèèjì ti ń sọ̀rọ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, tí ilé bá ti pa rọ́rọ́, fóònù kékeré yẹn á dún. Mo máa ń gbé e kó tó dún lẹ́ẹ̀kejì.

"Kò sí nǹkan kan, ẹ̀gbọ́n," ni yóò wí. "Mo kàn ní kí n wò ó ni."