Ọkọ̀ tí mo rà nítorí ìtìjú

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ ní ọ̀sẹ̀ yìí, èmi gan-an ni ó ṣẹlẹ̀ sí. Kò dùn mọ́ mi láti máa sọ ọ́ ní gbangba, ṣùgbọ́n n óò sọ ọ́ bí ó ti rí, nítorí ó lè yọ ẹlòmíràn nínú gbèsè.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Kejìlá ọdún 2022, mo wà lórí àkàbà níwájú ìsọ̀ aláṣọ kan ní Òkèyinmi, ní Adó-Èkìtì. Ọyẹ́ ti dé, eruku sì ti bo gíláàsì ìsọ̀ náà tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó wà níta kò lè mọ aṣọ pupa yàtọ̀ sí aláwọ̀ aró. Mo ti fọ gíláàsì náà, mo ti fa omi rẹ̀ kúrò, ó sì mọ́ gaara. Bí mo ti ń wo iṣẹ́ ọwọ́ mi tí inú mi ń dùn, mo rí ọkọ̀ kan nínú gíláàsì náà, tí wọ́n gbé imú rẹ̀ sókè, tí wọ́n ń fà á lọ. Mo ní, “Ọkọ̀ yìí mà jọ tèmi o.” Kí n tó yí ojú padà, wọ́n ti ń kọjá lọ. Tèmi ni.

Mo sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà, mo ta bákẹ́ẹ̀tì dànù, mo sì fi ẹsẹ̀ kan bàtà sáré tẹ̀lé wọn. Àwọn ọmọ tí ń ta omi inú ọ̀rá ń pariwo pé, “Tíṣà, bàtà yín rèé o!” Nígbà tí mo dé ibi tí wọ́n gbé ọkọ̀ náà sí, wọ́n ní mo gbé e sí ibi tí kò yẹ, kí n san ₦30,000. N kò lè jiyàn, nítorí ojú ọ̀nà ni mo gbé e sí lóòótọ́. Gbogbo owó tí mo lè rí lọ́jọ́ náà, bí mo bá fọ gbogbo ìsọ̀ tí mo fẹ́ fọ̀, kò ju ₦9,000 lọ.

Ó yẹ kí n sọ bí ó ti bẹ̀rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni mo ti gba ìwé ẹ̀rí mi, ilé ìwé aládàáni kan ní Adó ni mo sì ń kọ́ni. Nígbà tí ìyàwó mi bí ìbejì, owó oṣù mi kò rí ọ̀sẹ̀ kẹta mọ́. Ní ọdún 2019, ìyá aláṣọ tí mo wí yìí bi mí bí mo bá mọ ọmọ kan tí ó lè máa bá òun fọ gíláàsì ìsọ̀ òun. Mo rántí pé nígbà tí a wà ní ilé ìwé, ọjọọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n ń ní kí a fọ fèrèsé. Mo ní, “Màmá, èmi ni n óò fọ̀ ọ́.” Bí mo ti wọ iṣẹ́ náà nìyẹn, ní ọjọ́ Sátidé àti ní ìgbà ìsinmi.

Iṣẹ́ wà ní ìlú wa. Láyé àtijọ́, fèrèsé onípákó ni à ń lò. Lẹ́yìn náà ni gíláàsì pẹlẹbẹ onílúfà dé. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 1996 tí a ti dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ tí Adó sì di olú ìlú rẹ̀, ọ́fíìsì, báńkì àti ìsọ̀ ńláńlá ti pọ̀ sí i, gíláàsì gbàràmù-gbaramu sì ni ojú wọn. Ẹ sì mọ eruku ilẹ̀ pupa wa.

Iṣẹ́ náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Nígbà ọyẹ́, a kì í fi aṣọ gbígbẹ nu gíláàsì, nítorí yanrìn wà nínú eruku, yóò sì ha á. Omi ni a kọ́kọ́ ń dà sí i kí eruku lè ṣàn lọ. Ọṣẹ díẹ̀ ni à ń lò, òkè ni a sì ti ń fà á wá sí ìsàlẹ̀. A kì í fọ̀ ọ́ nígbà tí oòrùn bá ti mú, nítorí omi ọṣẹ yóò gbẹ mọ́ ọn lára. Omi bohóòlù míràn a máa fi àmì funfun sílẹ̀; omi òjò ni ó dára jù. Ọ̀pá kékeré onírọ́bà tí a fi ń fa omi náà, ọkùnrin ará Ítálì kan tí ó lọ tẹ̀dó sí Oakland ní Amẹ́ríkà, Ettore Steccone, ni ó ṣe irú èyí tí ayé ń lò lónìí, ní ọdún 1936. Èyí tí wọ́n ń lò ṣáájú rẹ̀ wúwo, ó sì nira láti pààrọ̀ rọ́bà rẹ̀.

Ọdún mẹ́ta ni mo fi ẹsẹ̀ ṣe iṣẹ́ yìí, èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan. Èmi a ru àkàbà, òun a gbé bákẹ́ẹ̀tì. Ní ọjọ́ kan ní Àjìlọ́sún, bàbá ọmọ kan tí ó wà ní kíláàsì mi pàdé wa. Ó wo àkàbà tí ó wà ní èjìká mi, ó wo ẹsẹ̀ mi, ó ní, “Áà, Tíṣà! Ṣé ó ti dé orí eléyìí náà?” Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n n kò lè jẹ iyán tí a gún sílẹ̀ fún mi ní alẹ́ ọjọ́ náà.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún ìyàwó mi pé àkàbà wúwo, pé bí a bá ní ọkọ̀, a ó lè fọ ìsọ̀ púpọ̀ sí i. Èlùbọ́ àti gààrí ni ìyàwó mi ń tà. Ó wà nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan, òun ni ó sì ṣe onídùúró fún mi tí mo fi yá ₦700,000. Mo ra ọkọ̀ àlòkù kan, mo de àkàbà mọ́ orí rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ti Òkèyinmi lọ sí Bàṣírì, láti Bàṣírì lọ sí Adébáyọ̀, láti Adébáyọ̀ padà sí Àjìlọ́sún. Ẹni tí ó bá rí mi yóò rò pé ọ̀nà ti là.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ mọ Adó, ẹ sọ fún mi: níbo ni ènìyàn ti ń rí ibi gbé ọkọ̀ sí láàárín ìlú? Ilé àtijọ́ ti sún mọ́ ọ̀nà tẹ́lẹ̀. Ibi tí wọ́n ti fẹ ọ̀nà, kọ́tà ni ó kàn, lẹ́yìn kọ́tà, ìsọ̀. Àyè díẹ̀ tí ó kù níwájú ìsọ̀, aláta ti pàtẹ síbẹ̀, kẹ̀kẹ́ Márúwá sì ń dúró gbé èrò. Bí mo bá gbé ọkọ̀ sí iwájú ìsọ̀ tí mo fẹ́ fọ̀, mo ti dí oníbàárà rẹ̀ lọ́nà. Bí mo bá gbé e sí ọ̀nà jíjìn, n óò tún ru àkàbà náà padà wá, bí ìgbà tí n kò ní ọkọ̀.

Lẹ́yìn ọjọ́ tí wọ́n fa ọkọ̀ náà lọ, mo ṣe ohun tí ó yẹ kí tíṣà ti kọ́kọ́ ṣe. Mo mú ìwé àjákọ kan, mo sì ń kọ bí wákàtí mi ti ń lọ. Ní Sátidé kan, láti aago mẹ́jọ òwúrọ̀ títí di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, wákàtí mẹ́jọ gbáko, wákàtí mẹ́ta àti ìṣẹ́jú 10 péré ni mo fi fọ gíláàsì. Wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú 40 ni mo fi wá ibi gbé ọkọ̀ sí, tí mo sì fi rìn padà. Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 20 ni súnkẹrẹ-fàkẹrẹ gbà. Ìṣẹ́jú 50 tí ó kù, àríyànjiyàn ni mo fi ṣe, pẹ̀lú ẹni tí ó ní mo dí òun lọ́nà. Bí akẹ́kọ̀ọ́ mi bá gbé irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ wá, n óò fi yẹ̀yẹ́ kọ́ ọ lọ́gbọ́n.

Síbẹ̀ n kò ta ọkọ̀ náà. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kárùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti lọ. Lítà kan tí kò tó ₦200 tẹ́lẹ̀ lé ní ₦500 láàárín ọjọ́ mélòó kan. N kò lè san owó ẹgbẹ́ fún oṣù mẹ́ta. Ẹgbẹ́ náà ṣe ohun tí òfin wọn wí: wọ́n yọ ọ́ nínú owó tí onídùúró mi ti fi pamọ́. Owó tí ìyàwó mi fẹ́ fi ra èlùbọ́ nìyẹn. Ọjọ́ ọjà méjì ni àtẹ rẹ̀ fi ṣófo. Kò pariwo, kò sì fẹjọ́ mi sun ẹnikẹ́ni. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, bí ó ti ń ká àpò òfìfo, ó bi mí pé, “Bàbá Ìbejì, ṣé àkàbà ni ó wúwo ni, àbí ojú ènìyàn?”

N kò rí èsì fọ̀. Òótọ́ ni ó sọ. Kì í ṣe àkàbà ni mo ra ọkọ̀ fún. Ìtìjú ni mo rà á fún.

Mo ní ìbátan kan ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù tí ó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Mo pè é lórí fóònù, mo rò pé yóò bá mi kẹ́dùn nítorí ọkọ̀ mi. Ẹ̀rín ni ó rín. Ó ní ní àárín Lọ́ńdọ́ọ̀nù, láti ọjọ́ 17 oṣù Kejì ọdún 2003 ni wọ́n ti ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ó bá wa ọkọ̀ wọ ibẹ̀. £5 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ó sì ti di £15 ní ọdún 2020. Owó ibi ìgbọ́kọ̀sí tún wà lọ́tọ̀. Àwọn tí ń fọ fèrèsé ilé gbígbé ní ìgbèríko ní ọkọ̀ tí ó gbé àgbá omi, tí wọ́n ń fi ọ̀pá gígùn fọ òkè láti ilẹ̀. Bí àgbá náà bá gba lítà 400, omi inú rẹ̀ nìkan jẹ́ kílò 400. Àwọn wọ̀nyí kò lè ṣe kí wọ́n má gbé ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ilé. Ṣùgbọ́n èmi tí mo ń fọ ìsọ̀ àárín ìlú, ó ní ọkọ̀ ojú irin ni òun ń wọ̀, pẹ̀lú ọ̀pá onírọ́bà ní ìgbànú òun. Bákẹ́ẹ̀tì òun, ọ̀dọ̀ oníbàárà ni ó ń sùn. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe ibi tí iṣẹ́ wà ni kí ẹ máa wò, ẹ máa wo ibi tí iṣẹ́ méjì ti fara kan ara wọn.”

Bí a bá sì wo ìtòsí, Èkó náà kò yàtọ̀. Ẹni tí ó bá ti wa ọkọ̀ lọ sí Marina tàbí Broad Street mọ̀ pé wíwá ibi gbé e sí le ju wíwà á débẹ̀ lọ, àwọn òṣìṣẹ́ LASTMA sì ti wà lójú ọ̀nà láti ọdún 2000. Ohun tí ó ti dé bá ìlú ńlá tipẹ́ ni ó ń dé bá Adó báyìí.

Mo ta ọkọ̀ náà, mo sì gbé owó rẹ̀ fún ẹgbẹ́. Lẹ́yìn náà mo tún òwò mi tò. Mo fi àwọn oníbàárà tí ó wà ní Bàṣírì àti Adébáyọ̀ lé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́, nítorí ibẹ̀ ni ó ń gbé. Èmi mú Òkèyinmi àti àyíká Ọjà Ọba nìkan. Mo ra àkàbà kejì, mo bẹ ọlọ́dẹ ilé kan kí ó máa bá mi tọ́jú rẹ̀. Ẹsẹ̀ ilé rẹ̀ ni mo ń fọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lóṣooṣù. Mo sọ fún àwọn onísọ̀ pé ẹni tí ó bá dá nìkan pè mí, ₦2,000. Ṣùgbọ́n bí ìsọ̀ mẹ́ta tí ó fara kan ara wọn bá jọ pè mí, ₦1,500 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò san. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń pe aládùúgbò wọn. Aago mẹ́fà ààbọ̀ ni mo ń bẹ̀rẹ̀, kí aláta tó pàtẹ, kí oòrùn tó mú. Títí di aago mọ́kànlá, mo ti fọ ìsọ̀ mẹ́sàn-án, n kò sì san kọ́bọ̀ fún epo.

Ní Sátidé àkọ́kọ́ tí mo tún ru àkàbà jáde, mo pàdé ọmọ kan láti kíláàsì mi tí ìyá rẹ̀ rán lọ ra kóko ẹ̀kọ. Ọkàn mi fò. Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Ẹ káàárọ̀ sà, ẹ jẹ́ kí n bá yín gbé bákẹ́ẹ̀tì.” Ó gbé e dé ẹnu ìsọ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ohun tí mo ti ń fi ₦700,000 sá fún láti ọjọ́ yìí wá nìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń rò láti ra ọkọ̀ sínú òwò yín, ẹ kọ́kọ́ mú ìwé àti bírò. Ẹ kọ wákàtí tí yóò fi ṣiṣẹ́, ẹ kọ wákàtí tí yóò fi wá ibi dúró sí. Lẹ́yìn èyí, kí ẹ bi ara yín ní ìbéèrè tí ìyàwó mi bi mí. Ní ti gbèsè, ó ku ₦80,000 kí n tó dá gbogbo owó Ìyá Ìbejì padà. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọ ọgbà. Lóṣooṣù ni mo ń san án, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì ń kọ ọ́ sínú ìwé àjákọ náà.