Wáyà Tó Gba Orí Ilé Kọjá

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní ilé iṣẹ́ kékeré kan tí wọ́n ti ń ṣe omi inú ọ̀rá ní agbègbè Adó-Odò. Láti ẹ̀yìnkùlé wọn ni ènìyàn ti ń rí òpó irin gíga-gíga, tí wáyà orí wọn ń kùn bí oyin. Nígbà tí mo kí wọn lọ kẹ́yìn, epo dísù ni wọ́n ń bù sínú jẹnẹrétọ̀. Wọ́n ní, “Àbúrò mi, ìwọ tí o ti ṣe iṣẹ́ ìròyìn, iná ń gba orí mi kọjá, èmi sì ń ra epo. Kí ni mo ṣe?”

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n n kò rí èsì fọ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ọ̀nà Sakẹ́tẹ́, ní orílẹ̀-èdè Benin, ni wáyà náà ń lọ láti Ìkẹjà. Láti ọdún 2007 ni ó ti ń gbé iná kọjá ibodè, pẹ̀lú agbára 330,000 fóltì. Ìdí tó fi ga tó bẹ́ẹ̀ ni pé iná tó ń rin ọ̀nà jíjìn a máa ṣòfò di ooru nínú wáyà. Bí a bá sọ fóltì rẹ̀ di ìlọ́po méjì, òfò náà yóò dín kù sí ìdá kan nínú mẹ́rin. Àmọ́ ẹ̀rọ omi wo ni yóò gba 330,000 fóltì tí kò ní jóná? Àfi kí a kọ́ ibùdó tí yóò sọ ọ́ di 132,000, kí ó di 33,000, kí ó di 11,000, kí tíráńsífọ́mà àdúgbò tó wá sọ ọ́ di 415. Àtẹ̀gùn ni. Ibi tí àtẹ̀gùn ti já ni ẹ̀gbọ́n mi ń gbé.

Àwa oníròyìn ní ẹ̀bi tiwa níbẹ̀. Bí wọ́n bá ṣí ibùdó amúnáwá tuntun, mẹ́gáwáàtì rẹ̀ la fi ń ṣe àkọlé. Ta ni í béèrè wáyà tí yóò gbé e? Àwọn ibùdó Nàìjíríà lè pèsè ju 13,000 mẹ́gáwáàtì lọ lórí ìwé, síbẹ̀ nǹkan bí 4,000 sí 5,000 ló sábà ń rìn lórí wáyà.

Ọ̀rọ̀ oòrùn kò yàtọ̀. Ní Ìlúlófin, lẹ́bàá Pobè, nítòsí Sakẹ́tẹ́ yìí kan náà, Benin ti ní ibùdó iná oòrùn 25 mẹ́gáwáàtì láti ọdún 2022. Òkè Ọya ni oòrùn tiwa ti pọ̀ jù, Ọ̀tà àti Àgbárá sì ni ilé iṣẹ́ wà. Bí wáyà bá lágbára láàárín wọn, a lè lo oòrùn lọ́sàn-án, kí a fi omi Kainji pamọ́ dìgbà tí ilẹ̀ bá ṣú.

Mo ṣe gbogbo àlàyé yìí fún ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n ní, “Ta ni yóò wá kọ́ àtẹ̀gùn náà?” Mo ní òfin ọdún 2023 ti fún ìjọba ìpínlẹ̀ láṣẹ láti pèsè iná kí wọ́n sì pín in. Wọ́n de kẹ́ẹ̀gì epo wọn, wọ́n lọ tan jẹnẹrétọ̀.