Fíìmù Ènìyàn Márùn-ún tí Mo Wò Tán

Mo mọ̀ pé ó ti rẹ̀ yín kí ẹ tó jókòó. Nítorí náà, mo fẹ́ sọ ìtàn fún yín lónìí. Ìtàn fíìmù ni. Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé eré lásán ni. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú rẹ̀ tó kan èmi olùkọ́ yín, tó sì kan ẹ̀yin náà.

Orúkọ fíìmù náà ni Bioman. Àwọn ará Japan ló ṣe é. Japan jìnnà sí wa púpọ̀. Ó wà ní ìhà ìlà-oòrùn ayé, òkun ló yí i ká. Ilé iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Toei ló ṣe fíìmù náà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi í hàn lórí tẹlifíṣọ̀n ní oṣù kejì ọdún 1984. Wọ́n parí rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1985. Apá 51 ni gbogbo rẹ̀. Ní ọdún 1985 yẹn náà, ó dé ilẹ̀ Faransé, wọ́n sì fi èdè Faransé sí i.

Bioman kọ́ ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀. Ọdún 1975 ni Toei gbé èkíní jáde. Bioman ni ó ṣe ìkẹjọ. Ní ọdún 1993, àwọn ará Amẹ́ríkà mú ọ̀kan nínú àwọn àbúrò Bioman, wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì sọ ọ́ ní Power Rangers. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa mọ èyí.

Báwo ni fíìmù yìí ṣe dé ilé mi ní Tatonnonkon? Ọmọkùnrin mi ló fà á. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni. Ó gbọ́ nípa rẹ̀ lẹ́nu àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kò sì jẹ́ kí n sinmi. Ní ọjọ́ ọjà Ìkpìnlẹ̀, mo bá ẹni tí ń fi fíìmù sínú káàdì fóònù. Mo sanwó, mo sì gbé e wálé. Láti ọjọ́ náà, bí a bá jẹun alẹ́ tán, a ó gbé fóònù ti ara ìkòkò omi, a ó wo apá kan. Ìyá mi náà ń bá wa jókòó. Wọn kò gbọ́ Faransé. Èmi ni mò ń túmọ̀ rẹ̀ sí èdè wa fún wọn. Ó tó oṣù méjì kí a tó wò ó tán.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ìtàn náà ṣe lọ.

Ìràwọ̀ kan wà lókè ọ̀run tí ń jẹ́ Bio. Àwọn ará ibẹ̀ ní ìmọ̀ púpọ̀. Wọ́n rí agbára ńlá kan. Ṣùgbọ́n wọn kò lè fi ọkàn kan lò ó. Wọ́n pín sí méjì, wọ́n bá ara wọn jà, ìràwọ̀ wọn sì parun. Kí ó tó parun, wọ́n ti rán ẹ̀rọ ńlá kan wá sí ayé wa. Ẹ̀rọ náà da agbára yẹn sí ara ènìyàn márùn-ún. Ọgọ́rùn-ún ọdún lọ́nà márùn-ún kọjá. Àwọn ọmọ-ọmọ ènìyàn márùn-ún náà ni wọ́n wá di Bioman.

Ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Ọ̀kan ń wa ọkọ̀ òfuurufú. Ọ̀kan ń fi ọkọ̀ sáré ìje. Ọ̀kan ń ṣeré lórí omi. Ọ̀kan ń ya fọ́tò. Ọ̀kan ń fọn fèrè. Ọkùnrin mẹ́ta ni, obìnrin méjì. Nínú irú fíìmù yìí, Bioman ló kọ́kọ́ fi obìnrin méjì sí àárín àwọn márùn-ún. Ṣáájú rẹ̀, obìnrin kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń fi sí i, nígbà mìíràn kò tilẹ̀ sí. Nígbà tí mo sọ èyí fún ìyá mi, wọ́n ní, "Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lajú ni."

Ọ̀tá àwọn márùn-ún yìí ni ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Doctor Man. Ó ń gbé ní ìsàlẹ̀ ayé, níbi tí yìnyín bo ilẹ̀. Ó fẹ́ kí irin jọba lórí ènìyàn. Àwọn ẹ̀rọ ló fi ṣe ọmọ ogun.

Ohun tó dùn mọ́ mi jù nínú ìjà wọn ni pé ẹnì kan kì í dá a ṣe. Bí ọ̀kan bá ṣubú, ìkejì a gbé e dìde. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ní apá kẹwàá, obìnrin tí ń ya fọ́tò kú. Mika ni orúkọ rẹ̀. Ọ̀tá ní ìbọn kan tó lè pa gbogbo wọn. Mika jẹ́ kí wọ́n máa yin ìbọn náà lù ú títí agbára inú rẹ̀ fi tán. Ọmọ mi sunkún ní alẹ́ ọjọ́ náà. Lẹ́yìn èyí, obìnrin mìíràn wọlé, Jun, ẹni tí ń ta ọfà. Àwọn mẹ́rin tó kù gbà á, iṣẹ́ sì ń lọ.

N kò ní yìn ín tán láìsọ àbùkù rẹ̀. Ìjà rẹ̀ pọ̀ jù. Bí ẹ bá ti wo apá mẹ́ta, ẹ ti mọ bí apá kẹrin yóò ṣe parí. Ẹ̀rọ ńlá yóò dìde, yóò yọ idà, ọ̀tá yóò sì fọ́ túútúú. Ilé ń wó, iná ń jó, kò sì sí ẹni tó sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìyá mi bi mí léèrè pé, "Ta ló ń tún àwọn ilé yìí kọ́?" N kò rí ìdáhùn. Ọmọ mi náà fo láti orí ògiri, ó ní òun ni Bioman. Orúnkún rẹ̀ bó. Ẹ máa bá àwọn ọmọ yín jókòó bí wọ́n bá ń wo irú nǹkan báyìí.

Wàyí o, mo dé ibi tí ọ̀rọ̀ kàn mí.

Ní ìgbà tí a wò ó dé ìdajì, ohun kan ṣẹlẹ̀ nínú kíláàsì wa. Àwọn kan nínú yín wà níbẹ̀. Mo pe bàbá kan sí ìdí pátákó kí wọ́n kọ orúkọ wọn. Àgbẹ̀ ni wọ́n, wọ́n sì ti dàgbà. Ọwọ́ wọn gbọ̀n. Wọ́n kọ ọ́, ṣùgbọ́n lẹ́tà kan kọ ẹ̀yìn sí wa. Dípò kí n tọ́ wọn sọ́nà, mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Bàbá, ọmọ ọdún méje mọ èyí." Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Bàbá rọra gbé ẹfun ìkọ̀wé sílẹ̀. Wọ́n ní, "Ó dára, olùkọ́." Wọ́n padà sí àyè wọn. Láti ọjọ́ náà, wọn kò wá mọ́.

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá. Mo ń sọ nínú ara mi pé iṣẹ́ oko ni kò jẹ́ kí wọ́n wá. Irọ́ ni mò ń pa fún ara mi.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, a wo ibi tí wọ́n ti sọ ìtàn Doctor Man. Ènìyàn bíi tiwa ni tẹ́lẹ̀. Onímọ̀ ni. Ó ń wá bí ọpọlọ rẹ̀ yóò ṣe lágbára ju ti gbogbo ènìyàn lọ. Ó fi ara rẹ̀ dán an wò. Ọpọlọ rẹ̀ lágbára lóòótọ́, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ di ti arúgbó kíákíá. Ó wá kórìíra ènìyàn, ó sì sọ ara rẹ̀ di irin. Ó ní ọmọkùnrin kan tó bí, Shuichi. Kò sí lọ́dọ̀ ọmọ náà. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó fi irin ṣe ọmọ mìíràn tó jọ ọ́, ó sì sọ ọ́ di ọmọ ọba.

Mo túmọ̀ gbogbo èyí fún ìyá mi. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Ọmọ irin kì í sin bàbá. Kí wá ni ọkùnrin yìí fi gbogbo ìmọ̀ yẹn rà?"

N kò sùn dáadáa ní alẹ́ ọjọ́ náà. Mo rí ojú bàbá yẹn, mo sì tún gbọ́ ẹ̀rín mi. Ìmọ̀ tí mo ní kò tó ti Doctor Man, ṣùgbọ́n mo ti fi díẹ̀ tí mo ní gun orí ènìyàn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo lọ sí oko bàbá. Mo bá wọn nídìí ọ̀pẹ. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

Wọ́n ní, "Dìde, ọmọ mi. N kò bínú. Ojú ló ń tì mí. Ọmọ-ọmọ mi wà lẹ́nu fèrèsé lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó gbọ́ ẹ̀rín yín."

N kò mọ ohun tí mo lè sọ. Bàbá wò mí. Wọ́n ní, "Ṣé o lè gun ọ̀pẹ?" Mo ní n kò gun ọ̀pẹ rí. Wọ́n mú igbà wọn, wọ́n so ó mọ́ mi lára, wọ́n fi bí n ó ṣe gbé ẹsẹ̀ hàn mí. Mo gbé ẹsẹ̀ kìíní, mo gbé ìkejì. Ní ìkẹta, ẹsẹ̀ mi yọ̀, mo sì fi ìdí jókòó sílẹ̀. Mo gbé ojú sókè kí n wo bí wọn yóò ṣe rẹ́rìn-ín. Wọn kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n na ọwọ́ sí mi, wọ́n ní, "Ẹsẹ̀ rẹ kò tíì mọ̀ ọ́n ni. Yóò mọ̀ ọ́n. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọwọ́ mi."

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, bàbá padà wá sí kíláàsì. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn níwájú gbogbo yín, nítorí níwájú yín ni mo ti ṣẹ̀ wọ́n. Láti ìgbà náà ni a ti ṣe òfin pé ẹnì kan kì í dá lọ sí ìdí pátákó mọ́. Ẹni méjì ni yóò jọ lọ. Bí ọwọ́ ọ̀kan bá gbọ̀n, ìkejì yóò ràn án lọ́wọ́. Ọ̀dọ̀ àwọn Bioman ni mo ti rí i kọ́. Ní oṣù tó kọjá, bàbá kọ orúkọ wọn láìṣì í. Wọ́n kọ ti ọmọ-ọmọ wọn sí abẹ́ rẹ̀.

Ẹ ó fẹ́ mọ bí fíìmù náà ṣe parí. Shuichi lọ bá bàbá rẹ̀ ní ìgbẹ̀yìn. N kò ní sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Bí ẹ bá rí i, kí ẹ wò ó fúnra yín. Ó yẹ kí a wò ó, pẹ̀lú gbogbo ariwo rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, bí ẹ bá mọ ìwé tán, ẹ má ṣe fi rẹ́rìn-ín ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n. Ẹ rántí pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sì fi yín rẹ́rìn-ín, ì báà jẹ́ olùkọ́, ẹ má jókòó sílé. Ẹ padà wá. Àyè yín kò ní òfìfo láéláé fún ẹlòmíràn.

Ẹ jẹ́ kí a jọ sọ̀rọ̀:

1. Iṣẹ́ wo ni àwọn márùn-ún inú fíìmù náà ń ṣe? Iṣẹ́ wo ni ẹ̀yin náà mọ̀ tí olùkọ́ yín kò mọ̀?
2. Kí ni Doctor Man pàdánù nítorí ìmọ̀?
3. Kí ló fà á tí bàbá kò fi wá sí kíláàsì mọ́?
4. Ṣé ẹnì kan ti fi yín rẹ́rìn-ín rí nítorí ìwé? Kí ni ẹ ṣe?
5. Ẹ kọ orúkọ yín sí ìwé. Ẹ kọ orúkọ ẹnì kan tí ẹ fẹ́ràn sí abẹ́ rẹ̀.