Ọmọ Olóko Ni Wá, àbí Ọmọ Ọlọ́kọ̀? Ọ̀rọ̀ Lórí Kọ̀ǹpútà Tí A Fi Ń Kọ Yorùbá

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí lè dà bí ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ èdè ni. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ti bi mí pé, "Ẹ jọ̀ọ́, kọ̀ǹpútà wo ni kí n rà tí n ó fi máa kọ Yorùbá?" Lójú tèmi, kì í ṣe ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ bèèrè, bí kò ṣe ètò tí ó ń darí rẹ̀: Windows ni, macOS ni, tàbí ọ̀kan nínú ìdílé Linux. Ṣùgbọ́n ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Kí n tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí mi.

Ní ọdún 2018, mo lọ sí Abẹ́òkúta lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin. Iṣẹ́ aṣọ rírán ni Màmá ṣe láyé wọn. Ẹ̀rọ ìránṣọ kan tí a ń fi ọwọ́ yí wà níwájú wọn fún ohun tí ó lé ní 40 ọdún. Nígbà tí ojú wọn ti di bàìbàì, wọ́n ṣì ń ṣẹ́ etí aṣọ lórí ẹ̀rọ náà bí ẹni tí ó ń bu òkèlè sẹ́nu nínú òkùnkùn. Ọwọ́ wọn mọ ibi tí ohun gbogbo wà, nítorí pé ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, kò sí ẹni tí ó wá lóru láti gbé ọwọ́ ẹ̀rọ náà kúrò ní apá ọ̀tún lọ sí apá òsì.

Oríkì ìdílé wa ni mo lọ gbọ́ lẹ́nu wọn. Mo mú fóònù jáde kí n lè gba ohùn wọn sílẹ̀, Màmá kọ̀. Wọ́n ní àwọn kò fẹ́ kí ohùn àwọn máa sọ̀rọ̀ nínú ilé lẹ́yìn tí àwọn bá ti lọ. Mo ní kò burú, n ó máa tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà bí wọ́n bá ti ń sọ ọ́. Mo ṣí kọ̀ǹpútà mi. Àṣé ní òru tí ó ṣáájú ọjọ́ náà, ètò tí ó ń darí rẹ̀ ti gba àtúnṣe tuntun wọlé, ó sì ti pa ojú dà. Àmì kékeré tí mo máa ń tẹ̀ ní ìsàlẹ̀ láti bọ́ kúrò nínú àtẹ ìtẹ̀wé Gẹ̀ẹ́sì sínú ti Yorùbá kò sí níbẹ̀ mọ́. Mo lọ sí ibi tí a ti ń tún ẹ̀rọ tò. Wọ́n ti pín ibẹ̀ sí yàrá tuntun, wọ́n sì ti fún yàrá kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tuntun. Mo wá a, mo wá a, n kò rí i. Màmá wò mí títí, wọ́n ní, "Ṣé o ti ṣe tán, àbí ẹ̀rọ rẹ ni yóò ki ìdílé wa fún wa?"

Ojú tì mí. Mo ní nínú ara mi pé kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ láìsí àmì kankan, kí n wá fi àmì sí i ní alẹ́. Alẹ́ lẹ́, àlejò dé. Ilẹ̀ mọ́, mo padà sẹ́nu iṣẹ́. Mo ń sọ pé ọ̀la ni, ọ̀la ni. Ní ọdún 2019, Màmá papò dà.

Nígbà tí mo ṣí fáìlì náà lẹ́yìn ìsìnkú, mo lè fi àmì sí èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, nítorí pé láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ. Ìlà kan ni ó dá mi dúró:

omo oloko ti i ji ki ile to mo

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Bí ó bá jẹ́ ọmọ olóko, a jẹ́ pé àgbẹ̀ ni baba ńlá wa. Bí ó bá jẹ́ ọmọ ọlọ́kọ̀, a jẹ́ pé ó ní ọkọ̀ ojú omi tí ń ná odò Ògùn. Bí ó bá sì jẹ́ ọmọ ọlọ́kọ́, bóyá alágbẹ̀dẹ tí ń rọ ọkọ́ fún àwọn àgbẹ̀ ni. Apá kejì ìlà náà kò ràn wá lọ́wọ́: àgbẹ̀ ń jí kí ilẹ̀ tó mọ́, atukọ̀ ń jí, alágbẹ̀dẹ náà ń jí. Mo bi àbúrò bàbá mi, wọ́n ní oko ni. Mo bi àbúrò mi tí Màmá bí, ó ní ọkọ̀ ni òun máa ń gbọ́. Àmì kékeré díẹ̀ ni ó yẹ kí ó sọ ẹni tí a jẹ́ fún wa, n kò sì fi í síbẹ̀.

N kò ní di gbogbo ẹ̀bi náà ru ẹ̀rọ. Gègé wà nínú àpò mi ní ọjọ́ náà, n kò tilẹ̀ rántí rẹ̀. Alẹ́ tí mo fi ṣòfò kí Màmá tó lọ pọ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni mo ti mọ̀ pé ojú kọ̀ǹpútà kì í ṣe ohun tí a ń fi ojú wò nìkan. Ọwọ́ ni ó ń gbé inú rẹ̀. Ẹni tí ó ń kọ Gẹ̀ẹ́sì lè máa wá ohun tí wọ́n gbé pamọ́ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, lẹ́tà rẹ̀ ṣì wà lórí àtẹ níwájú rẹ̀. Lẹ́tà tiwa kò sí níbẹ̀. Ẹnu ọ̀nà kékeré kan ni a ń gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí wọ́n bá gbé ẹnu ọ̀nà náà kúrò láìsọ fún wa, èdè wa di ará ìta.

Ìpajúdà yìí kò mọ sọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo. Ní ọdún 1995, Windows 95 gbé bọ́tìnnì Start kalẹ̀ sí igun apá òsì ní ìsàlẹ̀. Ọdún 17 ni ọwọ́ aráyé fi mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2012, Windows 8 yọ ọ́ kúrò, ó sì fi àwọn pátákó aláwọ̀ mèremère bo ojú ẹ̀rọ, kí ojú kan náà lè bá kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ tí a ń fi ìka tẹ̀ lójú mu. Ariwo sọ. Kò tíì pé ọdún kan tí Windows 8.1 fi dá bọ́tìnnì náà padà. Nígbà tí ó di 2021, Windows 11 tún gbé e lọ sí àárín. Ní ti Apple, macOS Ventura ti ọdún 2022 tún ibi ètò rẹ̀ tò látòkè délẹ̀, ó wá dà bí ti fóònù. Àwọn ará Linux pàápàá kò gbẹ́yìn. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2011, GNOME 3 jáde pẹ̀lú ojú tí kò jọ ti àtijọ́. Ní oṣù kan náà ni Ubuntu gbé Unity wá gẹ́gẹ́ bí ojú tuntun. Ní ọdún 2017, Ubuntu fúnra rẹ̀ pa Unity tì, ó padà sọ́dọ̀ GNOME.

Ṣé kí a wá sọ pé ìyípadà kò dára ni? Rárá o. Àwa tí a ń kọ Yorùbá kọ́ ni ó yẹ kí ó sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn baba wa kọ aiye, a ń kọ ayé. Wọ́n kọ ẹiyẹ, a ń kọ ẹyẹ. Wọ́n kọ nwọn, a ń kọ wọ́n. Ìpàdé wáyé ní Èkó ní ọdún 1875 lórí ọ̀nà tí a ó máa gbà kọ èdè yìí, ìjọba sì fọwọ́ sí àkọtọ́ titun ní ọdún 1974. Títí di òní, a ń rí àgbàlagbà tí ó ka ìwé ṣáájú àkókò náà tí ó ṣì ń kọ enia, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ń yé wa. Ẹ wo ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀. Wọ́n jíròrò, wọ́n sọ ìdí, wọ́n fún àwọn ènìyàn láyè. Kò sí ẹni tí ó wọ ilé Bàbá Àgbà lóru láti kó Bíbélì àtijọ́ wọn lọ, kí ó sì fi tuntun sípò rẹ̀ kí wọ́n tó jí.

Nítorí náà, kì í ṣe ètò tí kò ní yí padà ni kí a máa wá, kò sí irú rẹ̀. Ètò tí ó ń jẹ́ kí a mọ ọjọ́ tí yóò yí padà, tí a sì lè sọ fún pé kí ó ní sùúrù ná, ni kí a wá.

Èyí ni ó gbé mi dé ọ̀dọ̀ Linux. Nígbà tí GNOME 3 dé, ẹnìkan ní orílẹ̀-èdè Argentina tí ojú tuntun náà kò tẹ́ lọ́rùn mú GNOME 2 ti àtijọ́, ó ń tún un ṣe lọ, ó sì sọ ọ́ ní MATE, orúkọ ewé kan tí àwọn ará ibẹ̀ máa ń rẹ sínú omi gbígbóná mu. Kò tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, nítorí pé ìwé àṣẹ ètò náà ti fún gbogbo ayé láyè láti ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn dara pọ̀ mọ́ ọn, MATE sì wà títí di òní. Ní ọdún 2020, mo gbé Linux Mint tí ó ní ojú MATE sórí kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ kan tí mo rà ní Ìkẹjà. Àtẹ ìtẹ̀wé Yorùbá wà nínú rẹ̀ lábẹ́ Nàìjíríà. Ẹ̀dà ńlá rẹ̀ kọ̀ọ̀kan máa ń gba àtìlẹ́yìn fún ọdún 5, èmi ni mo sì ń yan ọjọ́ tí n ó kúrò nínú ọ̀kan bọ́ sínú òmíràn. Ó ní ìnira tirẹ̀ o. Ní ọ̀sẹ̀ 2 àkọ́kọ́, ńṣe ni ọwọ́ mi ń ṣìnà. Ìwé tí àwọn akẹgbẹ́ mi fi Microsoft Office kọ sì máa ń tú ká nígbà mìíràn bí mo bá ṣí i níhìn-ín.

N kò sọ pé kí gbogbo yín tẹ̀ lé mi. Àtẹ ìtẹ̀wé Yorùbá ti wà nínú Windows láti ọjọ́ pípẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ ra tòkunbọ̀ kí ó ṣọ́ra: àtìlẹ́yìn ọ̀fẹ́ tí gbogbo ènìyàn ń rí gbà fún Windows 10 parí ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́ kò sì kún ojú ìwọ̀n tí Windows 11 ń bèèrè. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lè gba Linux, kí ó sì tún ṣiṣẹ́ fún ọdún púpọ̀. Ẹni tí ó ń lo Mac kí ó tan àtẹ tí wọ́n ń pè ní ABC Extended: bí ó bá tẹ Option pẹ̀lú x, tí ó wá tẹ e, yóò rí ẹ.

Èyíkéyìí tí ẹ bá yàn, ẹ má fi ojú wá ọ̀nà Yorùbá nìkan, ẹ jẹ́ kí ìka yín mọ̀ ọ́n. Lórí Windows, bọ́tìnnì Windows àti àlàfo ni ó ń pààrọ̀ àtẹ ìtẹ̀wé. Lórí Mac, Control àti àlàfo. Lórí Linux, ẹ lè yan èyí tí ó wù yín. Mo ti rí i pé àwọn àwòrán orí ẹ̀rọ ni wọ́n máa ń gbé kiri jù. Bọ́tìnnì méjì tí a jọ ń tẹ̀ pọ̀ máa ń pẹ́ kí wọ́n tó yí i padà. Bí mo bá ti mọ èyí ní ọdún 2018 ni, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀.

Ẹ sì di Unicode mú. Láyé ìjọ́un, fọ́ǹtì àdáni ni ọ̀pọ̀ wa fi ń kọ Yorùbá. Bí a bá gbé fáìlì náà sórí ẹ̀rọ tí kò ní fọ́ǹtì yẹn, gbogbo rẹ̀ a di wúruwùru. Nínú Unicode, ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn: 1EB9, 1ECD àti 1E63. Ṣùgbọ́n ẹ́ àti ọ̀ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Lẹ́tà àti àmì ohùn ni a ń so pọ̀, 0301 fún àmì òkè, 0300 fún àmì ìsàlẹ̀. Ẹni tí ó bá fi Unicode kọ ìwé rẹ̀, bí ojú ẹ̀rọ yí padà nígbà igba, ohun tí ó kọ kò yí padà.

Lákòótán, ẹ má gba àtúnṣe wọlé ní àṣálẹ́ ọjọ́ tí iṣẹ́ pàtàkì kù sí ọ̀la, kí ẹ sì jẹ́ kí gègé wà nítòsí.

A ti tẹ oríkì ìdílé wa sórí ìwé báyìí, ẹbí kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀dà tirẹ̀. Gbogbo ìlà inú rẹ̀ ni mo fi àmì sí, àfi ọ̀kan. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tí ó ń kọ́ Yorùbá ní ilé ìwé ka a débẹ̀, ó gbé orí sókè, ó ní, "Ẹ gbàgbé àmì síbí o." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo gbàgbé rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ní ẹni tí ẹ lè bi, ẹ bi wọ́n, kí ẹ sì fi àmì sí i lójú wọn. Ó dìgbà kan ná.