Ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ dá lójú

Tọ́lá ọ̀rẹ́ mi,

Lẹ́tà rẹ dé ọwọ́ mi, mo sì rẹ́rìn-ín títí. O ní kí ló kan onímọ̀ ọrọ̀ ajé nínú ọ̀rọ̀ oko, ṣebí dọ́là àti ọ̀wọ́n gógó ọjà ni tiwọn. O tún ní ẹni tí kò mọ ọkọ́ dì mú ló fẹ́ kọ́ àgbẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kọ ebè. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé inú ọ́fíìsì tó tutù nini ni wọ́n ti ń pe àgbẹ̀ ní òpè. Àmọ́ kí o tó fi ojú kan náà wo gbogbo wọn, gbọ́ ti Christopher Udry àti Markus Goldstein.

Láàrin ọdún 1996 sí 1998, àwọn méjèèjì ń ṣe ìwádìí ní Akwapim South lórílẹ̀-èdè Gánà. Àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ń gbìn pọ̀ níbẹ̀, bíi tiwa. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣá, wọn a fi í sílẹ̀ fún ọdún mélòó kan kó sinmi, kí ọ̀rá rẹ̀ padà. Àwọn bàbá ńlá wa náà ṣe é bẹ́ẹ̀. Ohun tó wá ya àwọn olùwádìí yìí lẹ́nu ni pé tọkọtìyàwó lè máa dáko lórí ilẹ̀ tó jọra, kí wọ́n gbin ohun kan náà, síbẹ̀ kí èrè oko ọkọ fi púpọ̀ ju ti ìyàwó lọ. Wọ́n wádìí rẹ̀ títí. Oko ìyàwó kì í sinmi tó ti ọkọ, ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ wà.

Ó wá ku kí ni kò jẹ́ kó sinmi. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún dùn jù níbẹ̀! Púpọ̀ nínú ilẹ̀ agbègbè yẹn, ìdílé ìyá ló ni ín, àwọn àgbà ìdílé ni wọ́n sì ń pín in fúnni. Bí o bá fi ìpín tìrẹ sílẹ̀ tí igbó bò ó, ẹlòmíràn lè tọ àwọn àgbà lọ pé lágbájá kò lo ilẹ̀ yìí mọ́, èmi ni mo nílò rẹ̀. Kí o tó mọ̀, ilẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá joyè lábúlé tàbí nínú ìdílé, ta ni yóò dán irú ẹ̀ wò sí i? Àwọn olóyè ló ń jẹ́ kí ilẹ̀ wọn sinmi pẹ́, àwọn náà ni ilẹ̀ ń ṣojú rere sí. Ẹni tí kò lẹ́nìkan láàrin àwọn àgbà á máa gbìn ín lọ́dọọdún. Ó mọ̀ dájú pé ilẹ̀ ń ṣá. Àmọ́ ẹ̀gẹ́ tó wà lórí ẹ̀ ni ìwé ẹ̀rí kan ṣoṣo tó ní. Ọdún 2008 ni wọ́n tẹ iṣẹ́ náà jáde. Àbí o fẹ́ sọ fún mi pé irú ẹ̀ kò sí nínú ẹbí tiyín? Tiwa tilẹ̀ tún lọ́jú pọ̀ díẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ìyàwó ló jẹ́ pé ilẹ̀ ìdílé ọkọ ló fi ń dáko.

Ìtòsí ibẹ̀ náà ni Udry àti Timothy Conley ti wo àwọn tó ń gbin ọ̀pẹ̀ òyìnbó tí wọ́n ń kó lọ sí Yúróòpù. Ọ̀gbìn tuntun ni lójú wọn nígbà náà. Wọ́n bi àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan pé ta ló máa ń bá sọ̀rọ̀ oko. Bí ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ bá jèrè lọ́nà tí ẹnikẹ́ni kò retí, òun náà á yí ajílẹ̀ tirẹ̀ sí iye tí onítọ̀hún lò. Lórí àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ ńkọ́? Kò wo ẹnikẹ́ni, ó ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Òpè wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, Tọ́lá?

Ti igbó gígé tí o ń ráhùn lé lórí, onímọ̀ ọrọ̀ ajé mìíràn, Seema Jayachandran, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán nǹkan kan wò ní Ùgáńdà. Wọ́n pín abúlé 121 sí ọ̀nà méjì. Ní apá kan, ẹni tó bá fi igbó rẹ̀ sílẹ̀ láìgé e á gba 70,000 owó ṣílè Ùgáńdà lórí hẹ́kítà kọ̀ọ̀kan lọ́dọọdún. Láàrin ọdún méjì, ìdá 4.2 nínú ọgọ́rùn-ún igi wọn ló lọ, nígbà tí àwọn tí wọn kò fún lówó pàdánù ìdá 9.1. Mo gbóríyìn fún wọn, àmọ́ bí owó yẹn bá dáwọ́ dúró ńkọ́? Ọ̀rọ̀ Akwapim ló wọ̀ mí lára jù, torí owó kọ́ ni wọ́n fẹ́ níbẹ̀, wọ́n kàn fẹ́ kí ilẹ̀ wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá padà dé.

Nítorí náà, ìwé ìbéèrè tí ẹ fẹ́ gbé lọ bá àwọn àgbẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀, mo rí i pé ajílẹ̀ àti irúgbìn ló kún inú ẹ̀. Jọ̀ọ́, fi ẹyọ kan kún un fún mi: bí ẹ bá fi ilẹ̀ yìí sílẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, ta ni yóò wà lórí ẹ̀ nígbà tí ẹ bá dé? Kí o sì bi àwọn obìnrin níbi tí ọkọ wọn kò sí. Fi èsì ránṣẹ́ sí mi kíákíá, mi ò fẹ́ gbọ́ pé iṣẹ́ pọ̀.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Kúnlé