Iná Pupa Inú 504

Iná kékeré kan wà níwájú awakọ̀ nínú Peugeot 504 bàbá mi. Bí wọ́n bá yí kọ́kọ́rọ́, á tàn pupa. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti dún, á kú. Lọ́jọ́ ọyẹ́ kan tí mo ṣì wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, à ń ti Ọ̀wọ̀ bọ̀, a sì ti sún mọ́ Ute, ni iná náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Bí mọ́tò bá ń sáré, iná á kú. Bí bàbá mi bá dẹsẹ̀ nítorí ewúrẹ́ tó fẹ́ sọdá, iná á tún yọjú. Bàbá mi dákẹ́. Èmi àti ìyá mi náà dákẹ́.

Abẹ́ igi máńgòrò kan lẹ́bàá títì ní Ute ni ọ̀gá mẹkáníìkì wa ti ń ṣiṣẹ́. Bí bàbá mi ti rojọ́ tán, ó ní, “Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á. Ẹ má sítáàtì ẹ̀ mọ́ títí n ó fi wò ó.” Kò mú sípánà. Ó fa gééjì ọ́ìlì yọ, ó fi àkísà nù ún, ó tì í padà, ó tún fà á yọ. Ọ́ìlì ti ga kọjá àmì òkè. Bàbá mi ní ìyẹn mà dáa, ó ṣe tán ọ́ìlì kò dín. Ọ̀gá mi orí. “Ọ́ìlì kì í bímọ, Tíṣà. Bó bá ń pọ̀ sí i, nǹkan kan ló ń wọ inú ẹ̀.” Ó fi àtàǹpàkò àti ìfábẹ̀lá ra ọ́ìlì náà, ó gbọ́ òórùn ẹ̀, ó wá na ọwọ́ ọ̀hún sí mi nímú.

“Kí lo gbọ́?”

Mo ní, “Pẹtiróòlù, sà.”

Pọ́ǹpù tó ń fa epo lọ sí kabúrétọ̀ lára irú 504 tiwa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, awọ rọ́bà kan ló sì ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀. Bí awọ yẹn bá ya, pẹtiróòlù á máa kán sínú ọ́ìlì, ọ́ìlì á wá ṣàn bí omi. Ọ̀gá pààrọ̀ pọ́ǹpù yẹn, ó da ọ́ìlì tó ti bàjẹ́ nù, ó pààrọ̀ fíltà, ó sì da lítà mẹ́rin tuntun sí i. Kí ilẹ̀ tó ṣú, a ti délé. Kò tú ẹ́ńjìnnì. Imú ló fi wá àìsàn náà rí.

Ó pẹ́ kí n tó mọ bí iṣẹ́ tí imú yẹn ṣe lọ́jọ́ náà ti tó. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé pọ́ǹpù ọ́ìlì ló ń fún ọ́ìlì ní ipá. Pọ́ǹpù kàn ń tì í lọ ni. Ẹni tó bá ti fi rọ́bà bomi rin ọgbà rí mọ̀ pé bí a bá fi ìka dí ẹnu rọ́bà díẹ̀, omi á tú jáde tipátipá. Bí a bá yọ ìka, ipá náà á tán, bẹ́ẹ̀ omi tó ń bọ̀ kò dín. Ohun tó ń ṣe iṣẹ́ ìka yẹn nínú ẹ́ńjìnnì ni àlàfo tó wà láàárín kráńkì àti àwọn bẹ́árìn tó gbé e dúró, àlàfo tí kò fẹ̀ ju irun orí lọ. Bí ọ́ìlì bá ṣàn jù, tàbí tí bẹ́árìn bá jẹ tí àlàfo náà sì fẹ̀, ọ́ìlì á kàn máa yọ́ lọ ni, ipá ẹ̀ á dín, iná pupa á sì tàn. Irin á wá máa fi ara kan irin. Ariwo tó ń tẹ̀lé ìyẹn, gbogbo onímọ́tò ló ń bẹ̀rù ẹ̀: ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì nìyẹn.

504 sì jẹ́ mọ́tò tó yẹ kí èèyàn bẹ̀rù nítorí ẹ̀. Ọdún 1968 ni Peugeot gbé 504 jáde ní ilẹ̀ Faransé. Ní 1975, Ove Andersson fi í gba ipò kìíní nínú eré ìje Safari Rally ní Kẹ́ńyà. Ọdún yẹn náà ni ilé-iṣẹ́ Peugeot ní Kàdúná bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó ní Nàìjíríà. Nígbà tó di 1978, Jean-Pierre Nicolas tún fi 504 onílẹ̀kùn méjì gba Safari. Onílẹ̀kùn mẹ́rin ni ti bàbá mi, ọ̀nà ilé-ìwé àti ti ṣọ́ọ̀ṣì ló sì mọ̀ jù. Síbẹ̀, mọ́tò eré ìje ni lójú àwa ọmọdé. A mọ ohùn ẹ̀ kó tó yọ ní kọ́nà.

Èmi ni mo jogún ẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, iná pupa yẹn tún yọjú, àmọ́ ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná nìkan. Mo rántí ọ̀rọ̀ abẹ́ igi máńgòrò, mo pa á, mo sì ní kí wọ́n fi okùn fà á lọ bá ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń tún mọ́tò ṣe. Ọmọlúàbí ni, ó dọ̀bálẹ̀ kí mi. Ó gbé sikánà tó fi ń yẹ mọ́tò wò jáde, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fọwọ́ wá ibi tí yóò kì í bọ̀. Kò sí ihò bẹ́ẹ̀ lára 504. Ọdún 1996 ni Amẹ́ríkà tó sọ irú ihò bẹ́ẹ̀ di dandan fún mọ́tò tuntun. Ó nàró, ó ní, “Dádì, ẹ jẹ́ ká kúkú ra ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀.”

Mi ò bínú sí i. Mọ́tò tí wọ́n fi kọ́ ọ níṣẹ́ máa ń fẹnu ara ẹ̀ sọ ohun tó ń ṣe é, ẹ́ńjìnnì odindi sì wà ní Ládípọ̀ l'Ékòó fún ẹni tó lówó. Lọ́pọ̀ ìgbà, owó iṣẹ́ àtúnṣe á ju ti ìpààrọ̀ lọ. Ohun tó dùn mí ni pé kò fa gééjì yọ. Kò gbọ́ òórùn ohunkóhun.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ ọ̀gá wa àtijọ́ ti di ọ̀gá ní Ọ̀wọ̀ báyìí, irun ẹ̀ ti funfun. Òun ni mo gbé e lọ bá. Ọ́ìlì kò ga, kò rùn. Ó tú ohun kékeré tó ń rán iná pupa níṣẹ́, ó ní bí ìyẹn bá ń parọ́, owó táṣẹ́rẹ́ ni. Ó wá de aago tó ń wọn ipá ọ́ìlì sí ojú ihò ẹ̀. Kí ẹ́ńjìnnì tó gbóná, aago fi 50 PSI hàn. Nígbà tó gbóná tán, tó ń dún jẹ́ẹ́ lójú kan, kò tó 10. “Iná yín ò parọ́, ẹ̀gbọ́n,” ló wí. Ó tú sọ́ńpù sílẹ̀: asẹ́ tó ń fa ọ́ìlì mọ́, sípíríǹgì tó ń ṣàkóso ipá ọ́ìlì kò rọ̀. Nígbà tó yọ bẹ́árìn kìíní, ojú funfun ẹ̀ ti jẹ, bàbà pupa ti yọ lábẹ́ ẹ̀. Ó fi àtàǹpàkò ẹ̀ ra á, bí ọ̀gá wa ti máa ń ṣe gẹ́lẹ́.

A gbé kráńkì lọ síbi tí wọ́n ti ń lọ ọ́, wọ́n sì bó ìdá kan nínú mẹ́rin mìlímítà kúrò lára ẹ̀. Bẹ́árìn tó nípọn tó láti dí àyè yẹn ló wá di ìṣòro. Nígbà kan, ṣọ́ọ̀bù tó ń ta pààtì ní Ọ̀wọ̀ ló máa ní in. Ní báyìí, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà la fi wá a kó tó ti Èkó dé. Ó to gbogbo ẹ̀ padà, ó sì da 20W-50 sí i. Ó kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da ọ́ìlì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí mọ́tò òde òní ń mu sí i.

Mo wà á padà sí Ute ní ọ̀sán gangan, kí n lè rí bó ṣe máa ṣe nínú ooru. Wọ́n ti gé igi máńgòrò yẹn. Ìsọ̀ onípíọ́ọ̀sì ló wà níbẹ̀ báyìí. Mo páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, mo jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa dún lójú kan, mo sì tẹjú mọ́ iná náà. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kò ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan.