Láti Símáwà dé Òkè Ìdànrè: Ìrìnàjò Ọjọ́ Mẹ́ta Tó Di Mẹ́rin

Nígbà tí mo sọ ní ìpàdé ẹbí pé a ti gbé Bàbá dé Òkè Ìtasẹ̀, tí a sì dé Ìdànrè, àwọn kan ní kí n kọ bí a ṣe ṣe é sílẹ̀, torí àwọn náà fẹ́ gbé àgbà ilé wọn rìn. Ó dáa. N ó sọ ibi tó yọrí sí rere, n ó sì sọ ibi tí a ti ṣì í.

Bàbá mi ti pé ọdún 76. Láti ìgbà tí orúnkún ti ń dà wọ́n láàmú, ìrìn wọn kò ju Símáwà sí Ṣàgámù mọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan wọ́n ní, “Mo fẹ́ fi ojú mi kan Òkè Ìtasẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, kí n tó di ẹni tí wọ́n ń gbé.” Ọmọ mi obìnrin, tó jẹ́ ọmọ ọdún 12, gbọ́ ọ, òun náà ní òun fẹ́ rí Òkè Ìdànrè tí olùkọ́ wọn ń sọ. Ẹ má bá a wí. Ilẹ̀ wa ní Rẹ́mọ tẹ́jú. Ọmọ tí a bí sí Símáwà lè dàgbà kó má mọ òkè kankan ju afárá oríta Ṣàgámù lọ.

Mo mú ìwé, mo ya ọ̀nà sí i. A ó gba ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní 1978, a ó fi Ìbàdàn sílẹ̀, a ó gba Aṣẹ́jirẹ́ àti Ìkirè dé Ilé-Ifẹ̀, a ó sùn síbẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, Iléṣà, Àkúrẹ́, Ìdànrè. Ní ọjọ́ kẹta, a ó gba Oǹdó àti Òrè bọ́ sí Ìjẹ̀bú-Òde, a ó sì já sí Ṣàgámù. Ọ̀nà tí a bá lọ kọ́ ni a ó bá bọ̀. Ẹ̀gbọ́n Bàbá mi obìnrin, olóṣun ni wọ́n, ní kí a ya Òṣogbo. Bàbá ní rárá: “Ọ̀ṣun ní ọjọ́ tirẹ̀ ní oṣù Kẹjọ. Ẹni tó bá fẹ́ kí gbogbo òrìṣà ní ọjọ́ mẹ́ta, kò ní jókòó níwájú ìkankan.” Inú Ìyá ò dùn, ṣùgbọ́n wọ́n gbà.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ ló fẹ́ dá ìjà sílẹ̀. Èmi ti mú ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà, ìgbà tí àwọn awo láti ilé lóko máa ń péjọ sí Òkè Ìtasẹ̀ fún ọdún Ifá Àgbáyé. Ìyàwó mi ti gba ìsinmi níbi iṣẹ́, àbúrò mi tó ni mọ́tò oníjókòó méje tí yóò wà wá náà ti gbà. Kí Bàbá tó fọwọ́ sí i, wọ́n gbé ọ̀pẹ̀lẹ̀. Ifá ní ìrìn náà dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọjọ́ yẹn. Wọ́n tún fi ìbò béèrè, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni Ifá gbà.

Mo fẹ́ jiyàn, n kò ní purọ́ fún yín. Ìyàwó mi ní láti padà lọ bẹ ọ̀gá rẹ̀. Bàbá wò mí, wọ́n ní, “Bí o bá ti mọ ọjọ́ tí o fẹ́ lọ, kí lo wá béèrè fún?” Mo dákẹ́. A sún un síwájú.

Ẹ ó máa retí kí n sọ pé ewu kan ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà ní ọjọ́ tí a yẹ̀. N kò gbọ́ nǹkan kan. Ohun tí mo rí ni pé nígbà tí a dé Ifẹ̀, èrò ọdún ti tú ká, yàrá wà nílé àlejò, kò sì sí ẹni tó ń ti Bàbá níwájú tàbí lẹ́yìn.

Nípa ẹrù: àwa ará Rẹ́mọ la ni obì gbànja, ìdí nìyẹn tí ìyàwó mi fi ra gbànja tó pọ̀ ní Ṣàgámù. Ìyá olóṣun yẹ inú apẹ̀rẹ̀ wò, wọ́n bú sẹ́rìn-ín: “Èyí dáa fún awakọ̀ tí oorun ń kùn. Obì àbàtà la fi ń bọ òrìṣà.” A padà lọ ra àbàtà. A di ẹ̀bìrìpò dání, torí kì í tètè bàjẹ́, àti omi, oògùn orúnkún Bàbá, aṣọ òjò, àti bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kì í yọ̀. Kí a tó gbéra ní aago mẹ́fà àárọ̀, a bọ Ògún lẹ́nu ọ̀nà, epo, omi tútù, obì. Àbúrò mi kì í ṣe ẹlẹ́sìn wa. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò títí a fi parí, lẹ́yìn náà ló wo epo ẹ́ńjìnnì àti táyà lẹ́ẹ̀kan sí i. Bàbá ní, “Ìyẹn náà, Ògún ló ń bọ.” Òun náà rẹ́rìn-ín.

Ní Aṣẹ́jirẹ́, níbi tí odò Ọ̀ṣun ti gba abẹ́ afárá kọjá, a dúró díẹ̀ kí Ìyá lè kí ìyá wọn. Ojú wọn là láti ibẹ̀ lọ. Ní Ìkirè, àwọn ọmọ ra dòdò Ìkirè, ata rẹ̀ sì mú wọn sunkún.

Òkè Ìtasẹ̀ kò ga rárá bí a bá fi ojú òkè wò ó. Gíga rẹ̀ wà nínú ohun tó jẹ́. Àwọn àgbà ní ibẹ̀ ni Ọ̀rúnmìlà gbé, ibẹ̀ sì ni tẹ́ńpìlì Ifá wà. Ní 2005, àjọ UNESCO kéde Ifá gẹ́gẹ́ bí ogún ìran ènìyàn, wọ́n sì kọ ọ́ sínú àkójọ wọn ní 2008. Mo sọ èyí fún ọmọ mi, torí mo mọ̀ pé ó máa ń bọ́ ìdè ọwọ́ rẹ̀ pa mọ́ sínú àpò kó tó wọ kíláàsì. Kò fèsì. Bàbá dọ̀bálẹ̀, pẹ̀lú orúnkún yẹn. A fẹ́ gbé wọn dìde, wọ́n ní kí a fi àwọn sílẹ̀. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Ká ní ọjọ́ ọdún ni, ta ni yóò fún wọn láyè bẹ́ẹ̀?

Ìdànrè ni a ti ṣì í. Mo gbàgbé pé oṣù Kẹfà ni, òjò sì rọ̀ láti òru títí di aago mẹ́wàá àárọ̀ Àbámẹ́ta. Òkúta tutù, a ní láti dúró kó gbẹ. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ lé ní 600. Bàbá wò ó láti ìsàlẹ̀, wọ́n fi ọ̀pá kan ipò àkọ́kọ́, wọ́n ní, “Ó tó. Mo ti fọwọ́ kàn án.” Wọ́n bá Ìyá jókòó. Wọ́n wá pe ọmọ mi: “Ìwọ lo máa bá mi gùn ún. Ka àtẹ̀gùn náà, kí o sì wo gbogbo rẹ̀ dáadáa, torí n ó bi ọ́.”

A gùn ún, à ń simi, à ń gùn. Lókè ni ìlú àtijọ́ wà, ìlú odindi lórí àpáta: ààfin Ọwá, ilé ẹjọ́, ẹ̀wọ̀n, ilé ẹ̀kọ́. Àwọn ènìyàn gbé ibẹ̀ pẹ́, kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀. Òkè yí ìlú náà ká bí ìyá tó gbá ọmọ mọ́ra. Ọmọ mi fọwọ́ kan ògiri, ó ń béèrè ibi tí wọ́n ti ń pọn omi.

Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, iye tí mo kà àti iye tí ọmọ mi kà kò bá ara mu. Bàbá ní tirẹ̀ làwọn gbà, torí òun kò sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà. Ó jókòó síwájú wọn, ó ń ròyìn, ó ń fi ọwọ́ júwe bí àpáta ṣe rí. Ìgbà yẹn ni mo rí i pé ìdè rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. N kò sọ nǹkan kan.

Ọjọ́ ti lọ, a kò sì lè dé Símáwà kí ilẹ̀ tó ṣú. Àbúrò mi ní òun lè sáré e. Bàbá ní, “Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.” A sùn sí Oǹdó. Owó tí Bàbá ní kí n dì sọ́tọ̀ fún ọjọ́ kan tí a kò retí, èyí tí mo ti ń kùn sí, òun ló gbà wá.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ lọ, ohun tí mo lè sọ fún yín nìyí. Ẹ béèrè ọjọ́ kí ẹ tó gba ìsinmi níbi iṣẹ́. Ẹ wádìí bóyá ìlú tí ẹ fẹ́ sùn ń ṣe Orò, pàápàá bí obìnrin bá wà láàrin yín. Bí ẹbí bá ń bọ̀ wá bá yín láti Èkó, ẹ má fi í sí Ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù, torí èrò ìsìn máa ń dí ọ̀nà márosẹ̀. Owó epo ló máa kó jù, ẹ kọ́kọ́ yọ ọ́ sọ́tọ̀. Ní ojúbọ, ẹ béèrè kí ẹ tó wọlé àti kí ẹ tó ya fọ́tò. Ẹ má rìn lóru. Bí ẹsẹ̀ àgbà kò bá gbe òkè, ẹ má torí rẹ̀ fi wọ́n sílé: ẹ gbé wọn dé ìdí rẹ̀, kí ọmọdé gun ìyókù fún wọn.

Bàbá ti ń béèrè Òṣogbo báyìí. Ìyá ti di ẹrù tiwọn. Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ o.